Ọjọ́ Adam àti Ewa

Igi ni Idalina kọ́kọ́ rí kó tó rí ènìyàn. Igi Kérésì tútù kan tó gùn ju ọkùnrin lọ ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láti ìhà èbúté Harlingen, afẹ́fẹ́ òkun sì ń gbá a sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé igi yẹn gan-an ló ń wa kẹ̀kẹ́. Lábẹ́ àwọn ẹ̀ka rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn méjì ń yí kẹ̀kẹ́ tagbáratagbára.

Idalina sọ̀ kalẹ̀, ó fa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọdún mẹ́fà tó ti lò ní Hóláńdì ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá bá afẹ́fẹ́ oṣù Kejìlá wọ ìjàkadì, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Kò sì pẹ́ rárá. Igi, kẹ̀kẹ́, ọkùnrin, gbogbo wọn jọ wọ́ lọ sínú kòtò omi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Nígbà tí ọkùnrin náà dìde, omi dé e lórúnkún, ewé igi ṣóṣóró sì kún irun orí rẹ̀. Dípò kó wo ara rẹ̀ bóyá ó fara pa, ṣóńṣó orí igi ló ń yẹ̀ wò.

"Ṣé kò ṣẹ́?" ni Idalina bi í láti òkè.

"Rárá, orí rẹ̀ pé."

"Ẹsẹ̀ yín ni mò ń bèèrè."

"Ẹsẹ̀ náà wà níbí. Òtútù ló ń mú un."

Idalina bá a fa igi náà jáde. Bí wọ́n ti ń fà á, ojú rẹ̀ ti lọ sí ọwọ́ òsì ọkùnrin náà, ó tún lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ibi tí wọ́n wà yìí, àwọn kan ń wọ òrùka ìgbéyàwó sọ́tùn-ún, àwọn kan sósì, nítorí náà Idalina kì í fojú di ọwọ́ kankan. Kò sí òrùka. Kò sí àpá ibi tí òrùka ti kúrò pẹ̀lú.

"Ta lẹ ra igi tó tó báyìí fún?"

"Fún ara mi."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan. Nílé wa ní Póláńdì, igi Kérésì máa ń kan àjà ni. Bí mo bá ra kékeré, á dà bí ẹni pé mo wà ní ilé onílé."

"Ilé onílé náà lẹ sáà wà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó nà án. Ó ní Adam ni orúkọ òun, káfíńtà ni òun níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Idalina ní Idalina ni òun, láti ilẹ̀ Potogí, òun ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń lọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò lórí igi. Ọkùnrin kan ṣoṣo, igi tó tó ti ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn méje yòókù wà níbì kan.

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni Idalina ti ń lo oògùn náà. Bàbá rẹ̀ ń ṣe bíríkìlà ní ilẹ̀ Faransé nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wálé lọ́dún. Kérésì ọdún kan, bàbá ránṣẹ́ sí abúlé wọn lẹ́bàá Chaves pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun lè wá. Ìyá ní kí Idalina pè é lórí fóònù kó kí i kú ọdún. Ọmọdé kan ló gbé e, ó ní, "Bàbá mi ń wẹ̀ lọ́wọ́."

Idalina gbé fóònù kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, inú ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló sì ti dàgbà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Láti ìgbà náà, kò sí ọkùnrin tó bá a sọ̀rọ̀ tí kò yẹ̀ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ ọjọ́rọ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, òun náà kò lè lọ sílé fún Kérésì. Níbi iṣẹ́, wọ́n ṣẹ́ gègé láti mọ àwọn tí yóò dúró ti àwọn arúgbó, gègé sì mú un. Ti Adam, ọkọ̀ kan wà lọ́wọ́ wọn tó gbọ́dọ̀ padà sómi kí ọdún tó parí, ẹni tó ni ín kò sì gba àlàyé kankan.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ igi, Adam yọ sí ilé àwọn arúgbó pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn ńlá iwájú ń há, ọ̀gá ilé ló ní kí òun wá tún un ṣe.

"Ta ló sọ fún yín pé ibí ni mo ti ń ṣiṣẹ́?" ni Idalina bi í.

"Orúkọ ilé yìí wà láyà kóòtù yín lọ́jọ́sí."

"Ẹ sì kà á, nínú kòtò?"

"Mo ní àsìkò. Òtútù ò jẹ́ kí n yára."

Ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Lọ́jọ́ kejì ilẹ̀kùn tún há, ó tún wá. Ní ìgbà kẹta, Mevrouw Hiltje, bí wọ́n ti ń pe ìyáàfin níbẹ̀, pe Idalina sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni ìyá yìí, opó ọ̀gá ọkọ̀ òkun. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ lè gbọ́ ìgbà tí èèrà bá yí ẹsẹ̀ padà.

"Ilẹ̀kùn yẹn kì í há kí káfíńtà yìí tó wá," ni ìyá wí.

"Èmi náà ti kíyè sí i, Mevrouw Hiltje. Bóyá ẹ̀tàn ló mú wá."

"Ẹ̀tàn ni dájúdájú. Ọdún mélòó ni ìwọ fẹ́ kí ọkùnrin tàn ọ́ kó tó yé ọ pé ó fẹ́ràn rẹ?"

Idalina kò rẹ́rìn-ín. Ìwádìí ló bẹ̀rẹ̀. Bí Adam bá jókòó mu kọfí lẹ́yìn iṣẹ́, ìbéèrè ni yóò fi mu ún.

"Kí ló dé tí ẹ fi dojú fóònù yín délẹ̀?"

Adam yí i padà. Ojú fóònù náà ti là yánna-yànna. "Ó ń tì mí lójú ni."

"Ta ló ń pè yín ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi?"

"Màmá mi. Bí mi ò bá gbé e, á pe ọ̀gá mi."

"Ẹni ọdún méjìdínlógójì, tí kò níyàwó. Kí ló ṣe yín?"

"Mo ní àfẹ́sọ́nà kan rí. Ó lọ sí Kánádà fún oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà náà ò tíì pé títí dòní." Ó mu kọfí rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló ṣe yín?"

Ẹnì kan kò bi Idalina ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó dìde, ó ní Mevrouw Hiltje ń pe òun, bẹ́ẹ̀ ìyá ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ kejì, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun lòun kọ́kọ́ sọ ọ́. Wọ́n ń rìn létí òkun lọ́sàn-án Sátidé, afẹ́fẹ́ ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Adam yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ kó má baà fẹ́ lu Idalina. Kò sọ ọ́, ó kàn ń ṣe é ni. Ká má fi bò, Idalina ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ tó ń rùn bí igi tuntun, ó fẹ́ràn bó ti ń dáhùn ìbéèrè láì fárí gá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bàbá rẹ̀ náà kì í fárí gá.

Ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó létí èbúté, tí wọ́n ń jẹ ẹja díndín nínú bébà, Adam ní, "Ọjọ́ kẹrìnlélógún, wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Níbi tiwa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lọdún gan-an."

"Níbi tiwa náà."

"A kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà o. Ẹja ni."

"Ẹja làwa náà ń jẹ. Irú ẹja wo?"

"Ẹja odò. Èyí tó sanra, tó ń gbé ìsàlẹ̀."

"Ẹja inú ẹrẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Pańla oníyọ̀ ni màá gbé wá."

"Ẹja tó ti kú láti èṣí?"

"Ẹja tó ní sùúrù ni."

"Gbé e wá. Ká gbé méjèèjì kalẹ̀, ká wo èyí tó máa kọ́kọ́ jowú." Adam ká bébà ọwọ́ rẹ̀, ó tún tú u. "Mo sì ní ohun kan tí mo fẹ́ bi ọ́ lọ́jọ́ náà."

"Bi mí nísinsìnyí."

"Rárá o. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, ìwọ lo ń bèèrè. Jẹ́ kí n ní ọjọ́ kan tèmi."

Idalina lọ sílé, kò lè sùn. Obìnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ọmọdé, ó mọ irú ìbéèrè tí ọkùnrin ń fi pamọ́ dọjọ́ ọdún. Ó sì mọ̀ pé tí Adam bá bi í, bẹ́ẹ̀ ni ni òun yóò dáhùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọmọ ọdún méjìlá, ó jẹ́ kí inú òun dùn láì bèèrè ìdí.

Ẹ sì mọ̀ pé pańla oníyọ̀ kì í ṣe oúnjẹ ojijì. Ọjọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ fi wà nínú omi, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà kí iyọ̀ lè jáde. Onílé Idalina kò lè gba òórùn rẹ̀ láyè, nítorí náà ilé Adam ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, Adam sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ kó lè máa wá pààrọ̀ omi. Idalina fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin tó ń pa nǹkan mọ́ kì í fún ènìyàn ní kọ́kọ́rọ́. Ohùn kan sì tún ní, àbí ó ti pa á mọ́ tán ni?

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, lọ́sàn-án, nígbà tí Adam wà níbi iṣẹ́, ó ṣílẹ̀kùn wọlé. Igi tó ti inú kòtò jáde dúró ní igun yàrá, ó kan àjà lóòótọ́. Páálí kan tó ti Póláńdì dé wà lórí tábìlì, Adam ti ṣí i. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn wà nínú rẹ̀, olú gbígbẹ wà níbẹ̀, káàdì kan sì dúró gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Ojú kì í rí nǹkan kó má wò ó. Idalina kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe èdè. Ó rí Adam. Lẹ́yìn Adam, ó rí Ewa, orúkọ obìnrin.

Ó gbé fóònù rẹ̀ lé káàdì náà lórí kó bá òun túmọ̀ rẹ̀. Fóònù túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Adam, ọmọ mi. Ní ọjọ́ Adam àti Ewa, mo kí ọ kú ọdún o. Ìlera, ìfẹ́, àti ilé tó kún. Màmá àti gbogbo ilé." Lókè káàdì náà, déètì ọjọ́ kejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Ọjọ́ Adam àti Ewa. Ọjọ́ tí tọkọtaya fi ń rántí ìgbéyàwó wọn, kí ló tún lè jẹ́? Ìyá ọkọ ń kí ọmọ rẹ̀ kú àyájọ́ ìgbéyàwó, ó sì ń gbàdúrà kí ilé kún. Ilé tó kún! Igi tó tó ti ẹlẹ́ni mẹ́jọ tún yọ sí Idalina lójú. Ó jókòó sórí àga, ara rẹ̀ tutù bí omi tí pańla wà nínú rẹ̀. Àjà ò fura, àjà jìn, òun tó ti ń fura láti ọdún méjìlélógún sì tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn.

Kò sunkún. Ó yọ pańla kúrò nínú omi, ó fi aṣọ ìnura wé e, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí káàdì náà gan-an, ó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà yóò rí obìnrin tó di ẹja tútù mọ́ àyà lórí kẹ̀kẹ́, bí ẹni pé ọmọ ló gbé sá kúrò nínú iná.

Adam pè é títí lọ́jọ́ náà, kò gbé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí aago mẹ́sàn-án ti ń lù, Adam wọ ilé àwọn arúgbó wá pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

"Mo délé, mi ò rí pańla. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Idalina ń ká aṣọ ìnura, kò gbójú sókè. "Òní kọ́ lọjọ́ Adam àti Ewa?"

Ojú Adam tàn bí ìgbà tí wọ́n tan fìtílà. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo kà á."

"Òní ni o. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè rántí rẹ̀ níbí. O ṣé gan-an, Idalina. O ṣé."

Ó tẹrí ba, ó fẹ́ fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀. Idalina fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí iná jó.

"Ò ń dúpẹ́?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Gbogbo àwọn èèyàn rẹ ló mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Gbogbo Póláńdì ló mọ̀ ọ́n."

"Ewa náà ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé mo wà?"

Adam ronú díẹ̀. Ó fẹ́ dáhùn dáadáa. "Ewa wo nínú wọn?"

"Wọ́n pọ̀?"

"Ewa ọmọ àbúrò bàbá mi wà. Ewa ìyá àgbà aládùúgbò wa wà. Ewa kan tún wà tí a jọ lọ síléèwé. Mo fẹ́ pe gbogbo wọn nírọ̀lẹ́ òní kí n kí wọn. Bí o bá fẹ́, màá sọ fún wọn nípa rẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí kò pa Idalina lẹ́rìn-ín rárá. Ó kó aṣọ ìnura mọ́ra, ó fi ọ̀kan nu omijé ojú rẹ̀.

"Adam, jáde níbí. Mi ò fẹ́ rí ọ mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Lọ bi àwọn Ewa rẹ."

Adam dúró díẹ̀, ó ń yí fìlà rẹ̀ po. Lẹ́yìn náà ó gba ilẹ̀kùn ńlá jáde, ilẹ̀kùn náà sì padé láì há rárá.

Mevrouw Hiltje ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀. Ó fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ti máa ń ṣe tó bá ń pe ènìyàn.

"Wá jókòó. Kí ló wà nínú káàdì yẹn?"

Idalina sọ ọ́ fún un látòkè délẹ̀. Ó sọ ti káàdì, ó sì sọ ti bàbá rẹ̀ àti ọmọ tó gbé fóònù, ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Hóláńdì. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìjọ Àgùdà ni ẹ̀yin méjèèjì, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Fáàdà wo ló ń so èèyàn pọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì? Èmi tí mi ò kí ń ṣe Àgùdà mọ̀ pé ẹ ò kí ń ṣe é."

Idalina gbé aṣọ ìnura ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò rò ó dé ibẹ̀.

"Èkejì," ni ìyá wí. "Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo lò pẹ̀lú Sjoerd ọkọ mi, ó sì purọ́ fún mi dáadáa. Ọjọ́ tí mo bá mú un, á bínú, á pariwo, á jáde lọ fi epo sí ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́. Ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ wa ò gbẹ rí. Ṣùgbọ́n kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin tí wọ́n bá mú kì í dúpẹ́, ọmọ mi. Káfíńtà yẹn ò mọ ohun tí ò ń sọ."

"Tó bá wá jẹ́ pé òótọ́ ni ńkọ́?"

"Kó jẹ́ òótọ́, wàá sunkún. O sì ti ń sunkún báyìí. Lọ bi í. Ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sí nínú káàdì."

Aago mẹ́rin ni iṣẹ́ parí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, nítorí oòrùn ibẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré ní oṣù Kejìlá. Idalina lọ kó pańla rẹ̀, èyí tó tún rẹ sómi lẹ́yìn ilé kí onílé má baà gbóòórùn rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́. Kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ pé Adam kò ní ìyàwó. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró lójú ọ̀nà tó fẹ́ yí padà. Ohun tó ń tì í lọ ni pé bí òun bá yí padà nísinsìnyí, bàbá òun ni yóò ti yan ọ̀nà fún òun títí òun ó fi di arúgbó.

Ó bá Adam lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, tó gbọ́rùn sókè, tó ń wo sánmà. Sánmà sì ṣú biribiri. Nígbà tí Adam rí i, kò sún mọ́ ọn, kò sì wọlé.

"Mò ń wá ìràwọ̀ ni," ló wí jẹ́jẹ́. "A kì í jẹun kí ìràwọ̀ kìíní tó yọ. Ní ìlú yìí, ebi lè pa èèyàn kú."

Idalina dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. "Kì í ṣe pé mo ti mọ nǹkan kan. Mo wá bèèrè ni."

"Bèèrè."

"Ta ni Ewa? Èyí tó wà nínú káàdì màmá rẹ, tí òní jẹ́ ọjọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Adam?"

Adam wò ó. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwé tó kéré lójú, títí ọ̀rọ̀ àárọ̀ fi ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ara wọn. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìyàwó Adam ni," ló wí.

Idalina di irin àtẹ̀gùn mú.

"Wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà kan," ni Adam ń bá lọ. "Èso pọ̀ níbẹ̀. Ejò kan náà wà níbẹ̀, òun ló bà á jẹ́ fún wọn."

"Ọgbà wo?"

"Ọgbà Édẹ́nì, Idalina. Ádámù àti Éfà ni. Ìyá gbogbo wa ni Ewa yẹn."

Ó wá ṣàlàyé fún un. Ó ní níbi tiwọn, gbogbo orúkọ ló ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà, àwọn ènìyàn a sì máa kí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà ju bí wọ́n ti ń kí i lọ́jọ́ ìbí lọ. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá ni ti Ádámù àti Éfà, nítorí náà gbogbo Adam àti gbogbo Ewa ilẹ̀ Póláńdì ni wọ́n ń kí pa pọ̀. Kò sí Adam tó mọ iye Ewa tí òun ń bá pín in.

Idalina jókòó sórí àtẹ̀gùn tó tutù, ó gbé pańla lé ẹsẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ gbé e, ẹkún sì tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì wá dàpọ̀ tí kò mọ èyí tí òun ń ṣe. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà bọ̀, ó sọ ti bàbá rẹ̀ fún Adam. Adam kò fi ṣeré. Ó jókòó tì í, ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

"Ọmọ yẹn, tó gbé fóònù," ló wí nígbà tó yá, "ṣé o mọ orúkọ rẹ̀?"

"Mi ò bèèrè rí."

Iná kan yọ lókèèrè lójú omi, ní ìhà ibi tí ọkọ̀ ti ń wọlé sí èbúté.

"Ṣé ìràwọ̀ nìyẹn?" ni Idalina bèèrè.

"Ọkọ̀ apẹja ni."

"Mo ní, ṣé ìràwọ̀ nìyẹn?"

Adam tún wò ó. "Ó jọ ọ́," ló dáhùn, ó sì gbé e dìde.

Nínú ilé, ọbẹ̀ pupa ń hó lórí iná, ẹja odò wà nínú àwo, àwo mẹ́ta ló sì wà lórí tábìlì. Idalina dúró. Ó ka àwo náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ta lẹni kẹta?"

"Àlejò tí a ò retí ni. A máa ń gbé àwo kan kalẹ̀ dè é, ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn."

"Kí ó ṣáà má jẹ́ Ewa."

Adam rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ìdí àga mú. Ó bá a gbé pańla sínú ìkòkò pẹ̀lú pòtétò, ó ní òórùn rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ tí òun ń tún ṣe. Idalina ní kó tọ́ ọ wò kó tó sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó jẹun, Adam mú nǹkan pẹlẹbẹ funfun kan jáde láti inú páálí ìyá rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí ara Olúwa tí fáàdà ń fún ni. Ó kán an sí méjì, ó fún Idalina ní ìdajì. Ó ní olúkúlùkù yóò kán díẹ̀ lára ti ẹnì kejì, yóò gbàdúrà fún un, bí ọ̀ràn bá sì wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí rẹ̀.

"Dárí jì mí," ni Idalina wí. "Mo bá ọ ṣẹjọ́, mo dá ọ lẹ́bi, mi ò pè ọ́ wá sí kóòtù."

"Bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré. Ìwọ náà dárí jì mí. Ó yẹ kí n ti bèèrè lọ́wọ́ rẹ tipẹ́ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù." Adam kán díẹ̀ lára ti Idalina, ó mú un lọ́wọ́, kò jẹ ẹ́. "Ìbéèrè mi rèé. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Idalina wo ọwọ́ Adam méjèèjì lórí tábìlì, àwọn ọwọ́ tí òun ti yẹ̀ wò lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kìíní.

"Adam, ìfura mi ò ní tán lọ́jọ́ kan. Bí o bá pẹ́ níbi iṣẹ́, màá bèèrè. Bí fóònù rẹ bá dún, màá bèèrè."

"Màá máa dáhùn. Ṣùgbọ́n èmi ni kí o máa bi. Mi ò lè bá káàdì jà."

"Mo gbọ́. Ó wá ku ìbéèrè kan."

"Èwo?"

"Ìgbà wo?"

Adam kò tètè lóye. Nígbà tó yé e, ó gbé ọwọ́ bojú.

"Lẹ́yìn Àjíǹde," ló wí. "Àwọn ará ilé wa máa lè wá, ìyá rẹ máa lè wá, fáàdà náà á ti ráyè."

Idalina fi ìka rẹ̀ ka oṣù lábẹ́ tábìlì, ó sì fajú ro.

"Àjíǹde ti jìnnà jù," ló wí.